Bí Alága Sàláwù Ṣe Sáré Ju Aago Lọ

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí ná. Ó dúró níwájú dígí ní yàrá rẹ̀ ní Adabraka, ó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé tí bọ́tìnnì wúrà tò sí láyà bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń bẹ àwọn èrò tí kò sí níbẹ̀ pé kí wọ́n má pàtẹ́wọ́ mọ́, ó ti tó. Orúkọ rẹ̀ ni Sàláwù Àlàní, oníjẹnẹrétọ̀ ní ọjà Okaishie, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Accra. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é ní Sàláwù lásán, ẹ ti ṣẹ̀. Alága ni. Alága Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Eré-Ìje, Ẹ̀ka Accra. Ẹgbẹ́ náà kò ní ẹ̀ka mìíràn níbikíbi láyé, àmọ́ Alága ní ẹ̀ka dùn lẹ́tí ju odindi lọ.

Ọdún tí ìjọba Gánà gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó sídì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Gbogbo ará ìlú ló ń wá òdo tirẹ̀ kiri lọ́dún náà. Alága nìkan ni tirẹ̀ ń lé sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà fún yín, kò pọ̀. Àwọn oníṣòwò Okaishie àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí owó wọn ju ibi tí wọ́n ń lọ lọ, wọ́n ra ọkọ̀ eré-ìje láti òkè òkun, àlòkù tó ń dán bíi tuntun. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, wọn a kó wọn lọ sí pápá kan lẹ́yìn Tema, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà kan ti lọ yípo tó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ní ń sá a lẹ́ẹ̀kan, ìyípo kan péré, aago a sì sọ iye ìṣẹ́jú tó gbà á. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ Jámánì kò gbà pé ti Ítálì lè ṣáájú òun. Ẹni tó ni ti Ítálì ní ti Jámánì ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Kódà, ìkíni yí padà láàárín wọn. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ ó gbọ́:

"Ẹ káàárọ̀ o, oníṣẹ́jú méjì."

"Káàárọ̀ o, oníṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní oníṣẹ́jú kan. Ẹ ti mọ ẹni náà.

Ọkọ̀ Alága pupa, ará Ítálì, ó sọ ọ́ ní Mànàmáná. Ó rẹlẹ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ Adabraka ń wò ó láti òkè. Kò lè kọjá lórí gegele kan ṣoṣo láàárín ìlú láìjẹ́ pé ó fi ikùn họ ilẹ̀, nítorí náà, tírélà ẹgbẹ́ ló ń gbé e lọ sí pápá. Alága kì í wá bọ́ sílẹ̀ kó jókòó ti awakọ̀ tírélà bí ọmọ ènìyàn. Inú Mànàmáná ni ó ń jókòó sí lórí tírélà lókè lọ́hùn-ún, tòun ti ìbọ̀wọ́, tí yóò máa yí ìdarí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí yóò sì máa juwọ́ sí àwọn ènìyàn. Bí wọ́n bá ń gba Tudu kọjá, àwọn tó ń kiri ọjà níbẹ̀ a máa rò pé oògùn kan ni wọ́n ń polówó.

Ohun kan tún wà. Alága kì í ṣe ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́. Wíwọ inú Mànàmáná kò le, ilẹ̀ ló ń fà á. Jíjáde ni iṣẹ́. Géńdé méjì ló ń yọ ọ́: ọ̀kan a fa apá, èkejì a ki ọwọ́ sábẹ́ abíyá, àwọn méjèèjì a sì máa kọrin ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ bí Alága ṣe ń kérora.

Báwo wáá ni irú ènìyàn báyìí ṣe ń fi ìṣẹ́jú kan yí pápá tó ń gba àwọn ọ̀dọ́ ní méjì? Ẹ sún mọ́ mi, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Ìdọ̀bálẹ̀ ni.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ a máa ṣe Yorùbá ju Yorùbá ilé lọ. Ní Ìbàdàn lónìí, ọmọkùnrin a na ìka kan sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́, a ní òun ti kí bàbá òun. Ní Accra ńkọ́? Kí àwọn ará Gánà tó ń pè wọ́n ní Alata má bàa sọ pé wọ́n ti gbàgbé ilé, àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, kí a yí sọ́tùn-ún, kí a yí sósì. Alága sọ ọ́ di òfin ẹgbẹ́: bí Mànàmáná bá ti ń gbéra, gbogbo ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, gbogbo obìnrin á kúnlẹ̀, gbogbo ojú á wà nílẹ̀.

"Kì í ṣe èmi lẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún o," ló máa ń sọ, "ipò ni. Bí mo bá lè tètè jáde nínú mọ́tò ni, ǹ bá bá yín dọ̀bálẹ̀ fún un."

Bàbá Àtàndá ló ń di aago mú. Aago kékeré kan ni, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kó dúró. Bàbá yìí dàgbà ju Alága lọ, ìbàdí ń dùn ún, ìwà ọmọlúàbí sì pọ̀ lára rẹ̀ ju èyí tí aago lè gbà lọ. A kì í dọ̀bálẹ̀ tòun ti nǹkan lọ́wọ́. Bí Mànàmáná bá ti gbéra, Bàbá Àtàndá a gbé aago sílẹ̀ jẹ́jẹ́, a nà gbalaja, a yí sọ́tùn-ún, a yí sósì, a kí Alága kú iṣẹ́ títí dé orí bàbá ńlá rẹ̀, a di ìbàdí mú, a dìde díẹ̀díẹ̀, a gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò wáá tẹ aago. Mànàmáná ti dé ìdajì ọ̀nà nígbà náà. Ta ni ìbá sì rí i? Gbogbo ojú ló wà nílẹ̀.

Ẹ má pe bàbá ní òpùrọ́ o. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í ni, ì bá sọ ọ́: "Ṣé kí n wá máa tẹ ẹ̀rọ níbi tí mo ti ń kí ẹni ńlá? Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ mi?" Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í.

Alága ní tirẹ̀ gba ìṣẹ́jú kan yìí gbọ́ bó ṣe gbà gbọ́ pé oòrùn ń yọ. Ó gbà á gbọ́ débi pé ó fi ṣòfin, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: lọ́jọ́ ìdíje ọdọọdún, ẹni tí aago bá sọ pé ó yára jù ni alága. Ohun tí aago bá wí, abẹ gé e. Nígbà tí àwọn kan ní ṣé a ò lè dìbò, ó wò wọ́n bí ẹni wo ọmọ tó tọ̀ sílé. "Ìbò," ó ní, "wà fún àwọn tí kò lè sáré."

Ìdíje ọdún náà wáá yàtọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kwabena, ọ̀gá kan ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí eré ìdárayá, ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wò ó, àti pé ẹni tó bá di alága lọ́jọ́ náà ni yóò gbé àsíá Gánà lọ sí ibi eré-ìje kan ní South Africa. Alága kò tiẹ̀ dúró dọjọ́ náà. Ó ti rán kóòtù. Ó ti tẹ kàlẹ́ńdà: oṣù méjìlá, àwòrán rẹ̀ méjìlá, fìlà méjìlá. Nínú oṣù Kejìlá, ó di àsíá mú, ó sì ń wo ọ̀run bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ibẹ̀.

Àkókò yẹn gan-an ni Morẹ́nikẹ́ dé. Báńkì kan ló gbé e wá láti Èkó, ó sì gbé ọkọ̀ Jámánì eléérú kan wá tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wẹ̀yìn wò. Ó bọ́ bàtà gogoro, ó wọ pẹlẹbẹ, ó sá ìyípo kan. Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin àjèjì, ẹsẹ̀ méjèèjì ni Bàbá Àtàndá fi dúró, aago sì sọ òtítọ́: ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.

"Ei!" ni gbogbo pápá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn wọ Alága létí bí omi.

Olúdélé, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Ọlọ́run fún Olúdélé ní ahọ́n tí kò léegun, òun náà wáá yọ ti ẹ̀yìn kúrò kí wọ́n lè bára mu.

"Àǹtí, kí lẹ sọ mọ́tò yìí?"

"Mọ́tò."

"Rárá, orúkọ rẹ̀ ni mò ń bèèrè. Ti Alága ń jẹ́ Mànàmáná."

"Ó dáa. Tèmi ń jẹ́ Mọ́tò."

Morẹ́nikẹ́ lọ kúnlẹ̀ fún Alága. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ dákun, mo fẹ́ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ yín ni. Kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò yẹn, ìgbà wo lẹ máa ń tẹ bíréèkì níbẹ̀?"

Alága rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó gùn tó tírélà. "Bíréèkì? Àbúrò mi, ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ ló ń tẹ bíréèkì. Èmi àti afẹ́fẹ́, ọmọ ìyá ni wá. Bí mo bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, màá kàn ro ọ̀tún."

"Ó ro ọ̀tún!" Olúdélé figbe ta. "Ẹ gbọ́ ọ! Òjìji Alága kì í bá a dé ilé, àràbà! Bí Alága bá dé lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé ni òjìji ń wọlé!"

Morẹ́nikẹ́ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú kejì, bó ti kúnlẹ̀ láàárín àwọn yòókù, ó fi ojú kan wo ilẹ̀, ó fi èkejì wo ọ̀nà. Ó rí i pé iná bíréèkì Mànàmáná tàn ní kọ́nà àkọ́kọ́, kò sì kú mọ́ títí ó fi dé ti ìkẹyìn. Ó rí Bàbá Àtàndá tó ń gbọn eruku orúnkún sòkòtò rẹ̀. Ó fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rò pé ẹ̀mí ló bà lé e.

Ó tọ Alága lọ lẹ́yìn náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ kan wà tó máa ń ka àsìkò fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti fẹsẹ̀ kan ìlà, ó ti kà á. Mo lè bá ẹgbẹ́ rà á."

"Ẹ̀rọ?" ni Alága wí. "Ṣé ẹ̀rọ mọ àgbà ni?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ó parí lẹ́nu ni, kò parí nínú. Àtẹ́wọ́ yẹn ṣì wà létí Alága, kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Olórí tó bá rí i pé iyì òun ń jò kì í wá ibi tó ti ń jò. Omi ló máa ń dà sí i. Ní ọ̀sẹ̀ ìdíje, Alága pe ìpàdé, ó kéde òfin tuntun. Ìdọ̀bálẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan kò tó mọ́. Bí Mànàmáná bá tún ti kan ìlà ìparí, kí gbogbo ènìyàn dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹnikẹ́ni má sì gbérí títí Alága yóò fi jáde, tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, tí yóò sì sọ pé "Ẹ dìde." Ẹni tó bá gbérí ṣáájú, ẹgbẹ́ ti lé e.

"Kí ará ìjọba rí bí Yorùbá ṣe ń bọlá," ó ní.

Bàbá Àtàndá nawọ́. "Alága, èmi náà? Mo ṣe bí èmi ni mo di aago mú."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣáájú wọn. Àbí ẹni tó di aago mú kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni?"

"Ó ti yé mi, sà," ni bàbá wí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó ti yé ẹ̀yin náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ Nafisa, tó ń ta ọṣẹ àti ìpara ní Okaishie, tó sì ti fi ojú ọjà wo ọkọ rẹ̀ tipẹ́, gbọ́ òfin náà. Ó gbé ife tíì sílẹ̀.

"Bàbá Àánú, bí gbogbo ayé bá dojú délẹ̀, ta ló máa wáá fà yín jáde?"

Alága ń wo bọ́tìnnì kẹta nínú dígí. "Nafisa, ipò ló ń gbé èèyàn dìde."

"Hùn. Ipò yẹn, ṣé ó lápá ni?"

Alága kọjá sí bọ́tìnnì kẹrin. Ọ̀rọ̀ ńlá kì í dá ọ̀rọ̀ kékeré lóhùn, pàápàá bí kò bá ní èsì.

Ọjọ́ pé. Kwabena dé, wọ́n fi í jókòó sábẹ́ tapólì, wọ́n fún un ní ẹlẹ́rìndòdò tútù. Alága dìde sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn iyì! Ẹ̀yin èèyàn ẹ̀yẹ! Ẹ̀yin tí ẹ kò níyì ṣùgbọ́n tí ẹ sáà ti wá! Wọ́n ní ayé ń yí. Ta ló ń yí i? Lónìí, ẹ ó rí i!" Ó sọ̀rọ̀ títí ẹlẹ́rìndòdò Kwabena fi lọ́wọ́ọ́rọ́, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn yòókù sáré, kò sẹ́ni tó wọ abẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Morẹ́nikẹ́ sáré: ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó tilẹ̀ dín díẹ̀. Ó páàkì, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó wáá kan Mànàmáná. Alága bọ́ sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ bú ramúramù, gbogbo pápá ṣubú lulẹ̀ bí àgbàdo tí ìjì gbá. Kwabena nìkan ló jókòó, ó ń wò. Mànàmáná yí pápá, iná pupa ń tàn lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo kọ́nà bí ọkọ̀ tó ń gbé òkú. Ó kan ìlà ìparí. Gbì! Pápá tún ṣubú. Bàbá Àtàndá gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ lọ, bàbá sì nà gbalaja.

Kí ni Alága rí láti inú ọkọ̀? Ẹ̀yìn ènìyàn ni, ẹ̀yìn lọ súà, kò sí orí kan tó yọ. Ó dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Ó ní kí òun wò ó díẹ̀ sí i. Ó wò ó. Ó yọ ìbọ̀wọ́, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn, ó na ẹsẹ̀ kan síta, ó fẹ́ dìde. Mànàmáná kò gbà.

Ó tún gbìyànjú. Ó jọ pé àga náà mú un nídìí. "Olúdélé," ó pè, jẹ́jẹ́, kí Kwabena má bàa gbọ́.

"Alága o!" Olúdélé dáhùn láti ilẹ̀, tẹnu tẹnu nínú eruku. "Ẹ̀yin náà nìyẹn!"

"Wá fà mí."

"Alága ń dán wa wò! Ẹ má gbérí o!"

"Mo ní kó o wá fà mí, òpònú!"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bú ramúramù! Ẹ tún dojú délẹ̀ dáadáa!"

Alága wáá ké tagbára tagbára: "Ẹ dìde! Mo ní kí gbogbo yín dìde!"

Ọ̀kan nínú àwọn géńdé gbé orí díẹ̀. Èkejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ẹ ni? Òfin ní kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Ohùn yẹn, láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀."

Òógùn bo Alága. Ó fi apá ti ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi orúnkún ti ìdarí ọkọ̀, fèrè sì dún pèéè. Àwọn ènìyàn rò pé ara ayẹyẹ ni, wọ́n hó yèè sínú ilẹ̀.

Kwabena bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó sún mọ́ ọn jù. "Chale, ọ̀rẹ́ mi, kí ló dé? Ṣé ẹnì kan ti kú ni?"

"Ọ̀wọ̀ ni, màsá," ni ẹni náà dáhùn, kò gbérí.

Kwabena gbé ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀. Ó lọ di Alága mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó fi ẹsẹ̀ kan ti ara ọkọ̀, ó fà á. Alága jáde, pọ̀ọ́, bí ìdérí ìgò. Bọ́tìnnì wúrà méjì fò lọ. Ó tún fìlà ṣe, ó mí, ó sọ pé, "Ẹ dìde."

Bàbá Àtàndá yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó di ìbàdí mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ. Lẹ́yìn èyí, ó mú aago, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án," ó kéde, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

Gbogbo ojú yí kúrò lára aago sọ́dọ̀ Alága.

"Irọ́ ni!" ni Alága. "Ẹ yọ àsìkò ìdọ̀bálẹ̀ kúrò! Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe eré! Ta ló ń ka ìdọ̀bálẹ̀ mọ́ eré?"

Morẹ́nikẹ́ sún mọ́ wọn, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Kò yẹ kí a kà á. Kí a yọ ti ìparí kúrò, sà, kí a sì dá ti ìbẹ̀rẹ̀ padà síbi tó wà."

"Ti ìbẹ̀rẹ̀ wo?" Kwabena bèèrè.

Bàbá Àtàndá ló dáhùn, tìdùnnú tìdùnnú, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de ẹni tó máa bi òun. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kódà, ó fi hàn wọ́n: ó gbé aago sílẹ̀, ó nà, ó yí, ó yí, ó kí, ó dìde, ó gbọn eruku. Gbogbo ẹgbẹ́ dúró wò ó, nítorí pé wọn kò rí i rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣírò nínú ara rẹ̀, ẹ sì rí i lójú wọn nígbà tí ìṣirò náà jáde. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín fín-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín náà ràn.

Kwabena kò rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. "Kò sí wàhálà," ó ní. "Alága, ẹ tún un sá. Èmi ni màá di aago mú. Èmi kì í ṣe Yorùbá, ìdúró ni màá dúró."

Alága wo ọ̀nà ọ̀dà. Ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó ń rí i. Ó rí kọ́nà igi máńgòrò, bó ṣe ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìrù ajá. Ó rántí kàlẹ́ńdà, oṣù méjìlá tí wọ́n ti tẹ̀ tán. Bó bá wọlé, tó sáré bó ṣe ń sáré gan-an, gbogbo Accra á mọ iye tó jẹ́. Bí kò bá wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni.

"Mànàmáná," ó wí, "ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ọkọ̀ ló rẹ̀?"

"Ará Ítálì ni. Wọ́n máa ń sùn lọ́sàn-án."

Kwabena dọ́gbọ́n gbé ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ sí ẹnu kó lè fi bo ẹ̀rín, ó sì bọ Morẹ́nikẹ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ wọn kò tíì kúrò nínú ara wọn tí Olúdélé ti wà nílẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin náà. "Alága wa! Ìyá tó bí afẹ́fẹ́! Ó dé kó tó gbéra!"

"Olúdélé, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Eruku wà níbẹ̀."

"Ó rí eruku!" Olúdélé tún figbe ta. "Ẹ gbọ́! Olórí tó ń rí eruku!"

Morẹ́nikẹ́ ní kí wọ́n fi tírélà ẹgbẹ́ gbé Sàláwù àti ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé bó ti yẹ kí a ṣe fún ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n Sàláwù wo òkè tírélà yẹn, ó ro Tudu tí yóò gbà kọjá, kò lè gùn ún. Ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀. Ó rìn dé etí títì, tòun ti kóòtù tó ya ẹnu láyà, ó nawọ́ sí ọkọ̀ èrò kan, trotro tí ara rẹ̀ ti dípẹtà, tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń pariwo "Tudu, Tudu, Tudu!"

Wọ́n há a sáàárín ìyá ẹlẹ́ja kan àti àpò gàrí. Trotro mìíràn yọ lẹ́yìn wọn, òun náà ń lọ sí Tudu, ó sì ń wá èrò kan náà. Awakọ̀ wọn wo dígí, ó tu itọ́ síta, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí aago, kò sí òfin, kò sẹ́ni tó dọ̀bálẹ̀. Irin ń kígbe, fèrèsé ń gbọ̀n, ọkọ̀ méjèèjì ń fi etí gbo ara wọn lórí títì Tema, ìyá ẹlẹ́ja sì ń sùn.

"Driver, brɛoo!" Sàláwù ké, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin àga iwájú mú. "Mo ní kó o rọra! Lá iláha…"

Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bojú wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú, ọ̀kan wà nínú atẹ́gùn. "Alhaji, wosuro? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Dabi! Rárá o!" ni Sàláwù dáhùn, ojú rẹ̀ pa dé pinpin.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní eré. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.